Èsì: Álọ́ọ̀mù nìkan kò tó fún omi kànga tí ọ̀sà ti wọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bèèrè bóyá álọ́ọ̀mù nìkan tó fún kànga yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), lẹ́yìn tí ọ̀sà kún wọ àgbàlá. Ẹ jọ̀ọ́, kò tó! Ẹrẹ̀ ló ń mú rọlẹ̀, kì í pa kòkòrò onígbáméjì, omi ṣáláńgá sì ti dà pọ̀ mọ́ ti kànga. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ dé e.

Bí kò bá sí èédú tí ẹ ó fi sè é, ẹ kán jafẹ́ẹ̀lì (bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun) tí kò lóòórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán 2 sí lítà 1 (4 bí omi bá ṣú). Ẹ rò ó, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30.

Àmọ́ bí epo kpayo (epo bẹntiróòlù fàyàwọ́) bá ń dán lójú omi, ẹ má mu ún rárá. Sísè kì í mú epo kúrò.