Wọ́n ń pè mí ní àjẹ́ lórí Facebook torí ìkọsẹ̀dáyé ọmọ wa, kí ni òfin lè ṣe sí i?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbàdàn là ń gbé, Ìṣẹ̀ṣe sì ni ilé wa láti ìgbà bàbá bàbá ọkọ mi. Nígbà tí mo bímọ, a ṣe ìkọsẹ̀dáyé, ìyẹn ni pé a bi Ifá nípa ọ̀nà tí ọmọ máa tọ̀, mo wá gbé fídíò kékeré kan sórí Facebook kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun lè rí i. Àfi bí àwọn tí mi ò mọ̀ rí ṣe ya bò wá. Wọ́n ní àjẹ́ ni mí, wọ́n ní ọkọ mi fẹ́ fi ọmọ ṣoògùn owó. Ẹnì kan tiẹ̀ lọ mú fọ́tò ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ ilé ìwé ẹ̀ sí i, ó ní kí àwọn òbí lọ yọ ọmọ wọn kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíì ní àwọn máa wá jó wa mọ́lé. Ọkọ mi ti fẹ́ ṣe fídíò tiẹ̀ láti fi dá wọn lóhùn, èmi ni mo ní kó ṣe sùúrù. Ṣé òfin wà fún irú èyí, àbí ká kàn yọ gbogbo ẹ̀ kúrò ká panu mọ́? Ìyá Ọmọ Tuntun.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ o, Elédùmarè á wò ó dàgbà. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ọmọ kí wọ́n ṣì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, màá tún padà sórí ọ̀rọ̀ tiwọn.

Ẹ má tíì yọ nǹkankan kúrò, ẹ má sì tíì búlọ́ọ̀kù ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ fídíò yẹn, gbogbo kọ́mẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló máa bá a lọ, ẹ̀rí yín náà sì lọ nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi, sikirinṣọ́ọ̀tì tí wọ́n ń mú wá ò wúlò, wọ́n á ti gé e kù díẹ̀, èébú nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní rí orúkọ, ẹ ò ní rí déètì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni náà, ọ̀rọ̀ tó kọ, àti fídíò tó kọ ọ́ sí jọ hàn. Tí Facebook bá kọ ọ́ pé "1d" tàbí "2h", ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣí i, ẹ gbé máọ̀sì lé ibẹ̀, ọjọ́ àti aago gan-an á jáde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ púrófáìlì ẹni náà, kẹ́ ẹ kọ líǹkì ẹ̀ sílẹ̀, torí ó lè yí orúkọ padà lóru ọjọ́ yẹn kó wá di Adé láti Wasiu, àmọ́ nọ́ńbà tí Facebook fi dá àkáǹtì ẹ̀ mọ̀ kì í yí. Ẹ tún fi fóònù gba ojú ẹ̀ sílẹ̀ bí fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń yí i lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìkan lẹ máa ní, WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ò ní ṣe é kà mọ́.

Ẹni tó bá ya àwọn nǹkan yìí ni kó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra ẹ̀. Ìdí ni pé abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kẹ́ ẹ fi ìwé kan tì í, níbi tẹ́ ẹ ti máa sọ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ lò, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà yẹn, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Lọ́yà á bá yín kọ ọ́, kò le. Àmọ́ ẹjọ́ tó dáa ti dànù rí torí ìwé kan ṣoṣo yìí.

Ó wá ku ká ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí gbogbo èébú kọ́ ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó ní òrìṣà ò dáa, tàbí pé kèfèrí ni yín, kẹ́ ẹ wá ronú pìwà dà, ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un. Abala 39 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún òun náà lẹ́nu, bí abala 38 ṣe fún ẹ̀yin ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn yín, ní kọ̀rọ̀ tàbí ní gbangba, kẹ́ ẹ sì fi kọ́ ọmọ yín. Mi ò lè bá yín gba ìwé kóòtù tó máa mú àlejò fẹ́ràn Ifá.

Àwọn tó pè yín ní àjẹ́ ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. Abala 210 òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò níhìn-ín sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. (Abala yẹn kan náà ló mú ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àjẹ́ lòun o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má fìbínú kọ ọ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni, àjẹ́ ni wá, ẹ máa tó rí i". Ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn èèyàn máa ń kọ ọ́.) Ọ̀rọ̀ oògùn owó, ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn, ẹ lè gba owó gbà-má-bínú lórí ẹ̀ ní kóòtù, ó kàn máa ń pẹ́ ni, ó sì ń náni lówó.

Èyí tó fẹ́ jó yín mọ́lé gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Abala 24 òfin Cybercrimes ti 2015, òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìsọ̀rí kejì ẹ̀, ní ẹni tó bá fi ìhàlẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kó ìbẹ̀rù ikú tàbí ìpalára sí ẹlòmíì lára, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 tàbí owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 25 náírà ni, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Àwọn kan á sọ fún yín pé wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe ní 2024. Òótọ́ ni, àmọ́ ìsọ̀rí kìíní ni wọ́n tún ṣe, èyí tí ọlọ́pàá fi ń kó àwọn oníròyìn torí pé wọ́n múnú bí ọ̀gá kan, kóòtù ECOWAS sì ti ní 2022 pàṣẹ pé kí ìjọba tún un ṣe.

Nípa Bàbá Ọmọ. Bí wọ́n bá bọ́ síta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú Jésù tàbí Ànábì láti fi gbẹ̀san, abala 204 òfin ìwà ọ̀daràn wà ńlẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbùkù ẹ̀sìn ẹlòmíì, ọdún 2 lòun náà. Ní 2023 a ṣáà rí oníṣẹ̀ṣe tí wọ́n mú n'Ìbàdàn níbí, tí wọ́n gbé lọ sí Ìlọrin torí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí Facebook, ó lo oṣù mélòó kan lẹ́wọ̀n kó tó jáde. Bóyá ó jàre bóyá ó jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ti jẹ ẹ́ ná. Bí wọ́n bá ṣáà fẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Ìkọsẹ̀dáyé ọmọ wa lẹ rí yẹn, àlàáfíà lọmọ wà. Ẹni tó halẹ̀ mọ́ wa, a ti tọ́jú ohun tó kọ, ó ti wà lọ́wọ́ lọ́yà." Kí wọ́n ti kọ́mẹ́ǹtì pa lẹ́yìn náà. Kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa ṣàlàyé ìkin fún ẹni tí kò bi yín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù tiẹ̀ ti sọ ọ́ ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tí aláìsàn ẹ̀ kọ̀ láti gbẹ̀jẹ̀ torí ẹ̀sìn, pé ẹ̀tọ́ ìdákọ́ńkọ́ tó wà ní abala 37 kan pé kí wọ́n má fi túláàsì yọjú sí ìgbàgbọ́ ẹni.

Ti ọmọ tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé lọ́la, kó tó di pé òbí kan ló máa kọ́kọ́ gbé e délẹ̀. Ẹ fi fọ́tò náà hàn wọ́n, kẹ́ ẹ ní ẹni tí wọn ò bá mọ̀ ò gbọ́dọ̀ wá gba ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ máa já sí, abala 38 kan náà ní ilé ìwé ò lè fi ẹ̀sìn tí kì í ṣe tòbí kan ọmọ nípá. Facebook náà ní fọ́ọ̀mù fún òbí tí wọ́n gbé fọ́tò ọmọ ẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ kọ ọ́ sí i, àmọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ya ẹ̀rí tán.

Ọlọ́pàá wá kù. Ẹ kọ petition, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn, kó má ju ojú ewé méjì lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjóni-mọ́lé ṣáájú, ẹ lẹ ẹ̀rí mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí CID, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn, ní Ìyágankú. National Cybercrime Centre ti ọlọ́pàá l'Ábújá náà ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí owó lọ́yà ò bá sí, ẹ lọ sí Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn ni láti ran ẹni tówó ò tó lọ́wọ́. Ẹ̀dà petition méjì ni kẹ́ ẹ mú dání lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú ìyẹn bọ̀ wálé, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà lọ béèrè ibi tọ́rọ̀ dé, òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.