"Ẹ̀gbọ́n mi" tẹ́ ẹ wí yẹn, ọkùnrin ni àbí obìnrin?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Kánádà (ẹ má tíì bi mí pé ọkùnrin ni àbí obìnrin) ló ní kí n ṣàlàyé ìdí tí Yorùbá ò fi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún "brother" tàbí "sister", pé ṣé àwọn baba wa ò mọ akọ yàtọ̀ sábo ni.

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa o! Ta ló kọ́kọ́ wáyé ló jẹ wọ́n lógún jù. Tó o bá fẹ́, kó o fi ọkùnrin kún un, tó ò bá fẹ́, kó o fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá ti ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, o ti sọ ẹni tó ṣáájú nìyẹn. Àní ìbejì gan-an a ṣì pín wọn, Táíwò tó kọ́kọ́ jáde làbúrò, Kẹ́hìndé tó rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò lẹ̀gbọ́n. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ńbí, ìyàwó tuntun tó ti kàwé gboyè ń pe ọmọ ọdún mẹ́jọ ní "ọkọ mi", torí ọmọ yẹn ti wà nílé kó tó dé.

Òyìnbó ní tiẹ̀, akọ àbí abo ló kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kó o túmọ̀ "my brother" sí Yorùbá, àfi kó o lọ bi ìyá wọn léèrè ná.

Àwọn ará Indonéṣíà ló jọ wá jù, kakak lẹ̀gbọ́n, adik làbúrò, ọkùnrin tóbìnrin, àfi bíi pé Òṣogbo ni wọ́n ti wá. Ṣáínà ní tiwọn pa méjèèjì pọ̀: gege lẹ̀gbọ́n ọkùnrin, meimei làbúrò obìnrin. Àwọn Haúsá náà ń pín in báyẹn. Nwanne táwọn Ígbò ń sọ ò pín nǹkan kan, ọmọ ìyá náà ni. Kòríà ló wá sú mi, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan náà, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin á pè é ní hyung, àbúrò ẹ̀ obìnrin á pè é ní oppa!

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé a yá "brother" lọ́wọ́ òyìnbó, a sọ ọ́ di bùrọ̀dá, la bá ki ọjọ́ orí bọ̀ ọ́ nínú. Ta lẹ ti gbọ́ rí tó pe àbúrò ẹ̀ ní bùrọ̀dá?

Ó máa ń kó bá èèyàn nígbà míì ṣá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rán ọlọ́kadà kan pé kó bá mi gbé ẹ̀gbọ́n mi ní Ọláìyá, ló bá pè mí, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí wọn o, àǹtí kan ṣáà ló ń juwọ́ sí mi láti àárọ̀."