Ìbéèrè Yín: Ṣé Ohun Tó Ń Ṣe Iyùn Òkun Náà Ló Ń Ṣe Iyùn Ọrùn Mi?

ÌBÉÈRÈ (láti Pàkátà, Ìlọrin): Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ooru ń sọ iyùn inú òkun di funfun. Iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi náà ń ṣí, ó ti funfun létí ihò. Ṣé ohun kan náà ló ń ṣe méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Egungun lásán ni iyùn ọrùn yín. Ààyè ni èyí tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, ebi ló sì ń pa á.

Ẹranko ni iyùn, kì í ṣe òkúta. Ó kéré, ẹnu kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn máa ń so pọ̀, wọ́n á máa fi irú ohun tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín mọ ilé sábẹ́ ara wọn. Nínú ẹran ara èyí tó ń mọ òkìtì nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ayálégbé kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, bí ewé ti ń ṣe, wọ́n sì ń bọ́ onílé wọn. Agbára tí iyùn ń rí lọ́dọ̀ wọn lè tó 90 nínú 100. Àwọn náà ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọ̀ rẹ̀.

Bí omi bá wá fi 1°C péré gbóná ju bó ṣe máa ń rí ní oṣù tí ooru pọ̀ jù lọ́dún, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, oúnjẹ sísè yẹn á dàrú. Ayálégbé tó ń bọ́ onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú májèlé sí i lára. Iyùn á lé wọn jáde. Ẹran ara rẹ̀ á wá mọ́ gaara bí ọ̀rá omi, egungun funfun abẹ́ rẹ̀ á sì hàn. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá tó da omi odò sínú òkun tàbí òtútù òjijì lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ló ń ṣe é kárí ayé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: funfun kì í ṣe ikú. Bí omi bá tètè tutù, àwọn ayálégbé á padà. Bí ooru náà bá tó ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀pọ̀ á kú, èérí omi á sì bo egungun wọn. Òkìtì iyùn ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà funfun lọ́dún 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024. Ìsinmi dà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó lè gba ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí òkìtì tó kú tó gbérí? Òkìtì iyùn kò gbà tó 1 nínú 100 ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ohun abẹ̀mí inú òkun ló ń fi í ṣe ilé. Bó bá wó, ẹja á sá, ìgbì á sì máa lu etíkun ní tààrà.

Iyùn pupa tí à ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, tó ń wá láti Òkun Mẹditaréníà, kò ní ayálégbé nínú. Inú egungun rẹ̀ gan-an ni pupa náà wà. Ooru ń pa òun náà, ó pa púpọ̀ lọ́dún 1999 àti 2003, ṣùgbọ́n kì í ṣí bẹ́ẹ̀.

Tiyín tó funfun létí ihò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aró ni wọ́n rẹ ẹ́. Ẹ fi òwú tó ní omi ìpa-ọ̀dà-èékánná díẹ̀ nu ibi tó fara sin. Bí òwú bá pọ́n, aró ni. Bí kò bá pọ́n, òógùn, lọ́fínńdà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń jẹ ẹ́: ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi lásán nù ún lẹ́yìn òde, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́, ẹ má sì fi ọṣẹ tàbí háípò kàn án. Bó bá sì jẹ́ lántànà tí wọ́n ń dán ní Ìlọrin láyé àtijọ́ ni, òkúta pupa nìyẹn, omi ọsàn kò lè jẹ ẹ́.