Ṣé kí n fọlọ́pàá gbé ẹni tó jẹ mí lówó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yá ọ̀rẹ́ mi kan ní 800,000 náírà lọ́dún tó kọjá, kò tíì san kọ́bọ̀. Àwọn èèyàn ní kí n lọ fọlọ́pàá gbé e. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ìyá Ìbejì, Agége.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, owó yẹn kì í ṣe kékeré rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọlọ́pàá gbé e. Tó bá jẹ́ olè tàbí jìbìtì ni, ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn, ìjọba ló ń pè é, wọ́n sì lè tibẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, àmọ́ gbèsè lásán, àárín ẹ̀yin méjèèjì ló wà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pẹjọ́, owó yín sì lẹ ń wá. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ torí irú ẹ̀ mú èèyàn, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ṣì ń ṣe é.

Èkó tẹ́ ẹ wà yẹn, láti 2018 ni kọ́ọ̀tù fún gbèsè kéékèèké ti wà lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, gbèsè tí ò bá ti ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, ẹ lè dá rojọ́ yín láìgba lọ́yà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ fi parí. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i pé kó wá san owó yín, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Rísíìtì báńkì ńkọ́? WhatsApp tó ti kọ ọ́ pé "mà á san án lópin oṣù," ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde lónìí.