Kí ẹ tó ní ó ti ń jó, ẹ kọ́kọ́ yìnbọn fún ṣúgà

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ki gauge manganin (irin pẹlẹbẹ tín-ínrín tó ń wọn ìfúnpá) sáàárín ohun abúgbàù tí ẹ tẹ̀ mọ́ra, tí ẹ fi gas gun, ìbọn tó ń fi gáàsì ju nǹkan, ju àwo bàbà lù ú ní eré 500 m/s, tí ìfúnpá wá gba nǹkan bí 200 nanosecond (bílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) kó tó gòkè tán: ẹ ń béèrè bóyá jíjó ló ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ o. Èmi náà kọ ọ́ nígbà kan, mo tiẹ̀ dúró níwájú èèyàn, mo ń fi gíráàfù ṣe fáàrí. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn kàn ní, "Ṣúgà ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò.

Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ṣé mo ti fi ṣúgà dán an wò. Hóró ṣúgà tí a tẹ̀ mọ́ra ń ṣe bíi HMX, ohun abúgbàù gan-an, dáadáa tí ìgbì ìfúnpá bá ń kì í pọ̀, àmọ́ ní irú eré yìí kò ní ohun tó fẹ́ jó. Mo padà sí láàbù, mo tẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n kan náà, mo yìnbọn. Nígbà tí mo gbé gíráàfù méjèèjì lé ara wọn, n kò mọ èwo ni èwo mọ́. Bí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ṣe wọmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nìyẹn.

Mo wá gé ọ̀kan tí a kò tíì yìn sí méjì, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ gauge náà jẹ́ 10 micron (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan) lápá kan, 60 micron lápá kejì. Ká má tíì ka Teflon, ike tó bò ó níwá lẹ́yìn. Ìgbì ní láti lọ, kó bọ̀, kó tún lọ, nínú gbogbo ẹ̀wù yẹn, kí ìfúnpá ibẹ̀ tó bá ti àyíká rẹ̀ dọ́gba. 100 micron lásán, bí ìgbì bá ń sáré 2.5 km/s, 40 nanosecond ni àlọ nìkan. Ẹ ka àlọ àtàbọ̀ mẹ́ta, ẹ ti kọjá 200 yín.

Fífì àwo náà wà ńbẹ̀. Bí àwo bá fì sápá kan ní milliradian kan péré, etí kan àwo 40 mm ti fi 40 micron ṣáájú èkejì. Ní 500 m/s, 80 nanosecond nìyẹn. Gauge tó fẹ̀ ní 6 mm yóò jẹ 12 nanosecond níbẹ̀. Ẹ to pín-ìn-nì mẹ́rin tó ń fi àmì iná sọ ìgbà tí àwo kàn wọ́n yí etí ibi tí àwo ń bà ká, wọn á sọ ìwọ̀n fífì náà fún yín. N kò sọ pé ohun tí ẹ tẹ̀ kò ní ìpín tirẹ̀ o: hóró máa ń mú kí ojú ìgbì rọ̀ lóòótọ́.

Ní báyìí, bàbà ni mo kọ́kọ́ ń fi lu bàbà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ìdajì eré àwo ló ń wọ inú bàbà kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbófo á sì sá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eré àwo fúnra rẹ̀. Ẹ kò nílò tábìlì ìṣirò ẹnikẹ́ni. Bí eré méjèèjì kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, irinṣẹ́ yín ló ń purọ́.

Ẹ gbé PDV, ẹ̀rọ tó ń fi lésà wọn eré, sí i tí owó bá wà. Lésà 1550 nm ń fún yín ní àmì tó ń gbọ̀n ní 1.29 GHz fún 1 km/s kọ̀ọ̀kan. Oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya àmì náà) tí kò lè kọjá 1 GHz ni mo kọ́kọ́ lò, mo yìnbọn ní 900 m/s, àmì náà sì rá mọ́ mi lójú, torí 775 m/s ni òpin ohun tó lè rí. Tí ẹ bá fi fèrèsé LiF (lithium fluoride tí lésà ń là kọjá) sẹ́yìn, ẹ fi nǹkan bí 1.27 pín eré tí ẹ kà. Ẹ má sì tan lésà sórí hóró gan-an, torí ojú lésà lè kéré ju hóró kan lọ; ẹ fi àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i.

Tí ẹ bá ti yìnbọn fún ṣúgà tán, ẹ gbé gíráàfù méjèèjì lé ara wọn kí ẹ fi hàn mí. Ẹ má gbàgbé láti kọ bí gọ́ọ̀mù náà ṣe nípọn tó sí i.