Èsì: Inú rírun tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ìbéèrè yín pé inú ń run yín, pé ìgbẹ́ gbuuru àti àìríyàgbẹ́ ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, àti pé nígbà tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ máa mu àgbo jẹ̀dí.

Ohun tí dókítà pè ní IBS (irritable bowel syndrome, ìyẹn àìsàn tí ìfun kì í fi í ṣiṣẹ́ déédéé) kì í ṣe àròsọ rárá. Àyẹ̀wò kò rí i nítorí pé kò sí egbò lára ìfun. Bí ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yí padà, àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn láti inú ìfun lọ sí ọpọlọ sì ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí kò ní yọ ẹlòmíràn lẹ́nu máa ń di ìrora fún yín. Ìdí nìyí tí àníyàn àti àìsùn fi ń mú un le sí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àgbo náà sílẹ̀, torí pé ohun tí ń mú ni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ni kí ẹ mójú tó. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ nípa àwọn ṣúgà tí kì í tètè wọ ara, tí kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń sọ di afẹ́fẹ́: wọ́n wà nínú àlùbọ́sà, ẹ̀wà, búrẹ́dì àti wàrà. Ẹ yẹra fún wọn fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, kí ẹ sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ń bá yín jà. Ìrẹsì àti iṣu kì í sábà fa wàhálà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru ń jí yín lóru, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.