Ṣé orúkọ ìyàwó mi ní báńkì ti tó, àbí kí n kọ wíìlì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Ọmọ ọdún 57 ni mí, pákó ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Ìyàwó méjì ni mo fẹ́ nílànà ìbílẹ̀. Ìyáálé bí ọmọ márùn-ún, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan. Mo ti kọ́ ilé kan, mo sì ti fi orúkọ ìyáálé mi sí àyè "next of kin" ní báńkì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ wíìlì, ṣùgbọ́n ara mi le, ó dà bíi pé mò ń pe ikú. Ṣé ti báńkì yẹn ò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó wà ní àyè "next of kin" ni báńkì máa kàn sí bí nǹkan bá ṣe yín, òfin ò torí ìyẹn sọ owó yín di tirẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ gbàwé àṣẹ wá ní ilé-ẹjọ́, àwọn ajogún yín náà sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ opó ò mọ èyí títí ọjọ́ tí wọ́n dé báńkì, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Ní ti ara líle, Prince, olórin ará Amẹ́ríkà, kò ju ọmọ ọdún 57 lọ nígbà tó kú lójijì ní Minnesota, ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Kò níyàwó nílé, kò lọ́mọ láyé, kò sì kọ ìwé ìhágún, ìyẹn wíìlì. Onírúurú èèyàn ló jáde pé àwọn bá a tan. Ọdún 2017 ni ilé-ẹjọ́ tó kéde ajogún mẹ́fà: Tyka àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, àti márùn-ún tó jẹ́ pé ìyá nìkan tàbí bàbá nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ó di ọdún 2022 kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ ogún náà, tí wọ́n díye lé ní mílíọ̀nù 156 dọ́là. Méjì nínú àwọn mẹ́fà ti kú kó tó dìgbà náà.

Ọ̀ràn Suberu Dawodu ló tún jọ tiyín jù. Ó kú ní Èkó lọ́dún 1940 láìkọ ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún rẹ̀, ìyẹn ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àbí orí-ò-jorí, ìyẹn ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fún Nàìjíríà nígbà náà, ọdún 1962 ni wọ́n tó dá a: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló yẹ. Ẹ wá gbé e wá sílé yín. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kékeré bí á mú ìdajì, àwọn márùn-ún á pín ìdajì tó kù. Àwọn ìyàwó fúnra wọn, àṣà ò kà wọ́n mọ́ ajogún ọkọ. Ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ nìyẹn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lè yí i padà, nígbà tí ẹ ṣì wà láyé.

Kíkọ wíìlì kò le. Ẹ máa buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà á sì buwọ́ lù ú. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, títí kan ọkọ tàbí aya onítọ̀hún, torí ohun tí ẹ fún un lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan ẹni méjì tí ẹ fọkàn tán tí yóò mú un ṣẹ. Ilé ìdílé tí ẹ̀yin àti àwọn ẹbí jọ jogún kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kì í ṣe tiyín láti fún ẹnìkan. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi pamọ́ sí Probate Registry, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wíìlì ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, kí àwọn tí ẹ yàn sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ọkàn yín bá yí padà lọ́la, ẹ lè tún un kọ.

Tí ẹ bá ń lọ bá lọ́yà, ẹ mú ìwé ilẹ̀ yín dání, àti orúkọ àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bó ṣe wà nínú ìwé ìbí wọn.